Eyín Kan Nínú Ife

Ọkùnrin tó gba òkú Bàámi lọ́wọ́ wa ní mọ́ṣúárì béèrè orúkọ, ó béèrè ọjọ́ ìsìnkú, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó ní, "Ṣé bàbá ń lo eyín àtọwọ́dá? Tí wọ́n bá ń lò ó, ẹ tètè lọ mú un wá kí n tó fún wọn lábẹ́rẹ́. Tí ara bá ti le tán, ẹnu ò ní ṣeé ṣí mọ́."

Èmi àti bọ̀ọ̀dá mi wo ara wa lójú. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí. Ẹni tó fi ọdún 38 sọ fún tọmọdé tàgbà n'Íbàdàn pé "ya ẹnu, ya á dáadáa," ẹnu tiwọn ló wá kàn.

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi ń lo eyín àtọwọ́dá. Ẹyọ kan péré ni, lókè níwájú, lápá òsì. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣe é. Láti 2021 tí wọ́n ti lọ ni mo ti ń gbìyànjú láti kọ nǹkan nípa wọn, gbogbo èyí tí mo bá kọ ló sì ń jọ ìwé tí wọ́n máa ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú: wọ́n bí wọn, wọ́n kàwé, wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n bímọ, wọ́n sùn. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ti eyín yìí. Tí mo bá yà sọ́tùn-ún yà sósì kí n tó débẹ̀, ẹ má bínú.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí wọn sí, ọmọ ahunṣọ. Bàbá bàbá mi ń hun aṣọ òfì, Bàámi sì máa ń sọ pé ìdí òfì làwọn ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń jókòó ti nǹkan tín-ín-rín láti àárọ̀ dalẹ́ láìfi ìbínú já a. Nígbà tí wọ́n wọ Yunifásítì Èkó ní 1971, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín tó wà ní Ìdí-Àràbà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún márùn-ún ni. 1966 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ti Ìbàdàn ò sì tíì sí nígbà náà. Kò sẹ́ni tó mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n lọ kọ́ nílé. Bàbá bàbá mi gbọ́ pé ọmọ àwọn fẹ́ di dókítà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n gbọ́ pé eyín nìkan ni yóò máa wò, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé owó tí mò ń fi ránṣẹ́ ni ò tó kọ́ ìyókù ara?"

Sókótó ni Bàámi ti ṣe àgùnbánirọ̀, 1977 sí 1978. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń sọ nípa ọdún yẹn, wọn kì í sì sọ ọ́ nígbà tí oúnjẹ bá wà nílẹ̀. Obìnrin kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wá, ọmọ náà ò tíì pé ọdún mẹ́rin, ìyá fi aṣọ bo ìlàjì ojú rẹ̀. Éèyi ló kọ́kọ́ mú un, ebi sì wà nílé. Lẹ́yìn éèyi, egbò kékeré kan yọ ní ìdí eyín. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, egbò yẹn ti jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ lu síta, èèyàn ń rí eyín rẹ̀ láì jẹ́ pé ó yanu. Nómà ni orúkọ àrùn náà. Àwọn ọmọdé tí kò róúnjẹ jẹ kánú ló ń mú, pàápàá àwọn tó wà láàárín ọdún méjì sí mẹ́fà. Ohun tó ń dun Bàámi ni pé tí ẹnikẹ́ni bá ti yẹ ẹnu ọmọ náà wò lọ́jọ́ tí egbò yẹn ṣì kéré, oògùn apakòkòrò, fífọ ẹnu déédéé àti oúnjẹ gidi ì bá ti dá a dúró. "Kò sẹ́ni tó ní kó yanu," ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á sì dìde lọ síta.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́ fún àwọn ọmọ tí nómà bá jà ṣí ní Sókótó ní 1999. Ní oṣù Kejìlá 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi nómà kún àwọn àrùn tí ayé ti pa tì, kí wọ́n lè máa rówó bójú tó o. Bàámi ti lọ lọ́dún méjì ṣáájú. Màámi ní kí n ka ìròyìn náà sókè, mo kà á, wọ́n ní kí n tún un kà.

Mo rò pé ọmọ Sókótó yẹn ló fa ti alẹ́ Sọ́ńdè nílé wa. Lẹ́yìn oúnjẹ, a ó tò sí pálọ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàámi á fọwọ́ títí dé ìgúnpá bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, Màámi á di tọ́ọ̀ṣì mú, wọ́n á fi ìdí ṣíbí tẹ ahọ́n wa mọ́lẹ̀, wọ́n á máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ogún leyín ọmọdé, méjìlélọ́gbọ̀n ni tàgbà, ẹni tó bá wà láàárín méjèèjì, Bàámi mọ iye tó yẹ kó wà lẹ́nu rẹ̀ ju bó ṣe mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀ lọ. Ọwọ́ wọn máa ń rùn kànáfùrú. Òróró kànáfùrú ni wọ́n ń fi po ẹ̀tù funfun kan tí wọ́n fi ń dí ihò eyín fúngbà díẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í sì í gbọ́ ti ọṣẹ. Títí di òní, bí wọ́n bá gbé ìrẹsì oníkànáfùrú síwájú mi níbi àsè, ṣe ni mo máa ń pa ẹnu mi dé ná.

Gbogbo dókítà eyín ló ní àṣà burúkú kan: ìgbà tí ọwọ́ wọn bá wà lẹ́nu rẹ ni wọ́n máa ń bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀. Ti Bàámi tún burú sí i torí pé wọ́n ń gbọ́ ohun tí a bá fi dáhùn. O lè kàn ké "ààà-òò-àà," wọ́n á ní, "Ta ló fún ọ ní súwíìtì ọ̀hún, ṣé ìyá oníbúrẹ́dì yẹn ni?" Òun náà ni. Súwíìtì ò wọ ilé wa. Ọjọ́ ìbí mi, ẹ̀pà àti àgbọn ni wọ́n pín fáwọn ọ̀rẹ́ mi, ojú sì tì mí débi pé mo sunkún lẹ́yìn ilé. Mi ò tíì dárí ìyẹn jì wọ́n tán.

Bọ̀ọ̀dá mi ni wọ́n máa ń wò gbẹ̀yìn, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n sì ń pẹ́ sí jù. SS ni, àìsàn tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Àwọn àgbà ń pe àìsàn náà ní fòníkú-fọ̀ladìde, orúkọ tí Bàámi kórìíra dọ́kàn. Eyín tó bá kẹ̀ lẹ́nu irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í dúró sẹ́nu. Ìdọ̀tí rẹ̀ lè ru gbogbo ara sókè, kí egungun bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Nítorí náà, eyín bọ̀ọ̀dá mi kan ò gbọdọ̀ kẹ̀. Yàtọ̀ sí búrọ́ọ̀ṣì alẹ́, orín ata ló ń run láàárọ̀, èyí tó máa ń ta ẹnu kí ahọ́n tó kú tì. Ìdí wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abayomi Sofowora wà lára wọn, rí i pé omi tí wọ́n fún lára gbòǹgbò igi orín ata ń ran àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé lọ́wọ́ láti padà sí bó ṣe yẹ kí wọ́n rí. Nínú ìgò àyẹ̀wò nìyẹn o, Bàámi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ìwòsàn. "Kò ní pa á lára," ni wọ́n wí, "eyín rẹ̀ á sì mọ́."

Gbogbo ìtọ́jú yìí kì í dá ìrora náà dúró nígbà gbogbo. Mo rántí òru tí ìrora bá bọ̀ọ̀dá mi nínú egungun itan, ọkọ̀ ò ṣiṣẹ́, Bàámi pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọ́n ń bá a lọ sójú títì láti wá takisí tó máa gbé wọn dé UCH. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń jìnnà: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Kíkà yẹn, ti àga iṣẹ́ ni. Bàámi kì í sọ fún aláìsàn pé "kò ní dùn ẹ́." Wọ́n gbà pé ọmọdé tí dókítà bá purọ́ fún lẹ́ẹ̀kan á fi ogún ọdún sá fún àga. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni, "Á dùn ẹ́, àmọ́ kò ní kọjá ogún. Bá mi kà á." Lóru ọjọ́ yẹn, wọ́n ka ogún lọ, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.

Màámi ló sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé torí bọ̀ọ̀dá mi ni wọn ò ṣe lọ Sáúdí. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983 tí àwọn ológun gbàjọba, ohùn Sani Abacha ló jáde lórí rédíò, ó ní lára ohun tó bà jẹ́ nílùú ni àwọn ilé ìwòsàn, pé ibi ìyẹniwò lásán ni wọ́n dà, kò sí oògùn, kò sí omi, kò sí irinṣẹ́. Bàámi, tó ń fi omi kẹ́ẹ̀gì fọwọ́ lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, ní òótọ́ kan tí àwọn gbọ́ lẹ́nu sójà nìyẹn. Wọ́n wá ń retí omi. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, ìdajì àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti wà ní Sáúdí. Lẹ́tà tiwọn náà dé. Wọ́n bi Màámi pé ta ni yóò máa pọn ọmọ yẹn lóru. Ó tán síbẹ̀. Wọ́n fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, wọ́n gba yàrá méjì ní Mọ́kọ́lá, wọ́n ra àga àlòkù kan tí awọ rẹ̀ ti ya, wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ò lè mọ ohun tí àwọn èèyàn ti fi sẹ́nu kí wọ́n tó débẹ̀. Akokoro á mú èèyàn, yóò fi áṣáà sí i, yóò fi ògógóró sí i, kẹrosíìnì, omi bátìrì. Omi bátìrì a máa pa ìrora náà lóòótọ́, torí pé ó ti jó ẹran tó ń gbọ́ ìrora. Òmíràn á ní kòkòrò ló wà nínú eyín òun, ẹnì kan sì ti bá òun yọ mẹ́ta nínú rẹ̀ lọ́jà, ó ku ẹyọ kan. Bàámi kì í bá wọn jiyàn. Wọ́n á ní, "Kòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó kéré ju èyí tójú rẹ lè rí lọ, ṣúgà lo fi ń bọ́ ọ, ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń dá eyín rẹ lu." Mi ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé ásíìdì dáadáa bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, eyín.

Sátidé kan ní 1989 ni, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo máa ń tẹ̀lé Bàámi lọ Mọ́kọ́lá ní Sátidé láti di tọ́ọ̀ṣì mú, torí NEPA a máa mú iná lọ nígbà tí ẹnu ẹlẹ́nu bá ṣì là sílẹ̀. Alápatà kan wọlé láti Bódìjà. Apá rẹ̀ kan tó itan mi méjì, ẹ̀jẹ̀ màlúù ṣì wà létí ṣòkòtò rẹ̀. Eyín ìsàlẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá, ò jẹ́ kó sùn fún ọjọ́ mẹ́fà. Ó jókòó sórí àga bí ọba, ó ní kí Bàámi máa ṣe ohun tí wọ́n bá fẹ́. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́. Ó rí abẹ́rẹ́.

Ẹni tó ti dúńbú màlúù láàárọ̀ ọjọ́ náà! Abẹ́rẹ́ ò tíì kan án tó fi ta kìjí, ìgúnpá rẹ̀ bá Bàámi lẹ́nu. Mo gbọ́ ọ: kọ́! bí ìgbà tí èèyàn rún egungun adìẹ. Tọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí lọ sábẹ́ àga, a wà nínú òkùnkùn, ọkùnrin náà ń pariwo, "Yéè, mo ti pa dókítà!"

Nígbà tí mo fi rí tọ́ọ̀ṣì, Bàámi ti kọjú sí ògiri, wọ́n ń tu ẹ̀jẹ̀ sínú bàsíà. Wọ́n ki òwú bọ ẹnu, wọ́n fọwọ́, wọ́n pààrọ̀ ìbọ̀wọ́. Wọ́n padà sídìí àga. Òwú ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ já gaara, àmọ́ mo gbọ́ wọn, alápatà náà sì gbọ́: "Bá mi kà á." Ó ń kà, omijé ń dà lójú rẹ̀. Kó tó dé ẹẹ́rìnlá, abẹ́rẹ́ ti wọlé ó ti jáde. Wọ́n fi ẹ̀mú yọ eyín náà láìṣẹ́ ẹ, gbòǹgbò rẹ̀ méjèèjì pé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó ní kí n wá tiwọn nílẹ̀. Ìdajì ni mo rí.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní iye tí wọ́n bá ní kí òun san lòun máa san. Bàámi gba owó eyín kan lọ́wọ́ rẹ̀, kò lé kọ́bọ̀. Wọ́n ní tàwọn ò sí nínú bíìlì. Láti ọdún yẹn, gbogbo Iléyá ni itan àgbò kan ń dé ilé wa, a sì ń pè é ní ẹran eyín.

Bàámi lẹ́jì. Èjì gidi, èyí tí wọ́n bí mọ́ wọn, kì í ṣe irú èyí tí àwọn mìíràn máa ń ní kí wọ́n rẹ́ fún àwọn. Eyín tó ṣẹ́ yìí sì wà ní ẹ̀gbẹ́ èjì gan-an. Wọ́n yọ gbòǹgbò tó kù, wọ́n jẹ́ kó jinná, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹnu ara wọn. Wọ́n po ìyẹ̀fun kan bí àmàlà sínú àwo kékeré, wọ́n gé e jẹ, wọ́n dúró títí ó fi gan, wọ́n da P.O.P. sínú ojú eyín náà. Ẹnu Bàámi funfun jókòó sórí tábìlì ìjẹun wa. Wọ́n fi ìda mọ eyín tí kò sí, wọ́n dè é mọ́ àárín irin, wọ́n gbé e kaná nínú ìkòkò ọbẹ̀ Màámi, ìyẹn náà sì di ẹjọ́.

Èyí àkọ́kọ́ bá wọn mu rẹ́gí. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí Màámi. Màámi wò wọ́n títí, wọ́n ní, "Ta nìyí?" Kò sí èjì níbẹ̀. Bàámi ní bí ìwé ṣe ní kí àwọn ṣe é nìyẹn. Màámi ní kì í ṣe ìwé làwọn fẹ́, pé eyín funfun lẹ̀yẹ ẹ̀rín, àmọ́ èjì yẹn ló mú àwọn dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ní ibùdókọ̀ Yábàá ní 1975. Wọ́n tún un ṣe. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, èjì fẹ̀ jù. Bí wọ́n bá pe orúkọ èyíkéyìí tó ní "s" nínú, ó ń fọn bí fèrè, àwa ọmọ sì ń wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa pè. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló dúró. Òun ni wọ́n lò fún ọdún 32, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín tó kù lẹ́nu ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ tí òun ò sì kúrò lójú kan, tó fi wá dà bíi pé ẹ̀rín wọn ní fèrèsé kan.

Alaalẹ́ ni wọ́n máa ń yọ ọ́ sínú ife kan lójú fèrèsé. Bí wọ́n ṣe ń kìlọ̀ fún aláìsàn náà ni wọ́n ń ṣe: a kì í fi í sùn, a kì í jẹ́ kó gbẹ.

Ní 2019, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n lápá ọ̀tún. Ẹnu wọn wọ́, ọ̀rọ̀ wọn wá ń lọ́ pọ̀. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ò gbọ́ nǹkan kan. Bọ̀ọ̀dá mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n ní abẹ́rẹ́ yìí mà pẹ́ kó tó pòórá o." Ẹnu tó kú tì ni ó ti fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti kékeré, ní alẹ́ Sọ́ńdè àti lóru. Láti ọjọ́ náà ló ti di ògbufọ̀ wọn. Ó tún wá ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín wọn, òkè, ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn. Wọ́n á yanu gbàgà, wọ́n á máa fi ojú darí ọwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ mọ́ṣúárì yẹn, èmi ni mo sáré padà sílé lọ mú eyín. Màámi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo sọ ohun tí mo wá ṣe. Wọ́n gbé ife náà, wọ́n gbé e sórí itan.

"Wọn kì í fi í sùn," ni wọ́n wí.

Mo ṣàlàyé pé àwọn èèyàn ń bọ̀ wá wò wọ́n lójú, pé àyè á hàn. Màámi ní kí wọ́n pa ẹnu wọn dé, kò sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo pe bọ̀ọ̀dá mi lórí fóònù, mo ní kó bá wa dá sí i. Ó dákẹ́. Ó ní, "Àdùkẹ́, Màámi ló jàre."

Mo lọ sí Ìbàdàn ní oṣù tó kọjá. Ife náà ṣì wà lójú fèrèsé, omi inú rẹ̀ mọ́ gaara, kò léruku. Màámi rí i pé mò ń wò ó.

"Mo ń pààrọ̀ ẹ̀ láràárọ̀," ni wọ́n wí. "Bàbá yín ní tó bá gbẹ, á wọ́, kò ní bá ẹnu mu mọ́."